Keriko: Ilé ẹ̀kọ́ abúlé tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, àmọ́ tí gbogbo ayé wá mọ orúkọ rẹ̀

Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní abúlé Pwani, ní ìpínlẹ̀ Nakuru lórílẹ̀-èdè Kenya, ọ̀nà tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ á di ẹrẹ̀, débi pé kì í fẹ́ ṣeé gbà mọ́.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ dé kíláàsì. Àwọn kan wà lára wọn tó ń fẹsẹ̀ rin kìlómítà 7 láàárọ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, ẹsẹ̀ yẹn náà ni wọ́n máa fi padà sílé.

Keriko Mixed Day Secondary School ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ orúkọ náà lẹ́yìn agbègbè yẹn títí di ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 2019. Lọ́jọ́ náà nílùú Dubai, wọ́n kéde Peter Tabichi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Keriko ní ìṣirò àti fíṣíìsì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀bùn Global Teacher Prize. Mílíọ̀nù 1 dọ́là owó Amẹ́ríkà ni ẹ̀bùn náà. Nǹkan bíi 10,000 olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè 179 ni wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún un.

Ìròyìn olùkọ́ náà tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Àmọ́ nígbà tí Tabichi fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn náà tán, ohun tó sọ ni pé ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun gbé ṣe ló mú òun dé orí pèpéle yẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí. Ta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà? Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn? Kí ló sì so ilé ẹ̀kọ́ kékeré yìí pọ̀ mọ́ àwọn ará abúlé tó yí i ká?

Abúlé etíkun tí kò sí lẹ́bàá òkun

Lédè Swahili, "pwani" túmọ̀ sí etíkun. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà réré sí abúlé Pwani tí à ń sọ yìí. Àárín ilẹ̀ ló wà, ní àfonífojì ńlá tí wọ́n ń pè ní Rift Valley, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀dá àti ìyàn kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ lásìkò, oko á gbẹ. Tí oko bá gbẹ, ìkòkò á gbófo. Kò sì pẹ́ tí ìkòkò bá gbófo nílé tí àga ọmọ náà á fi ṣófo ní kíláàsì.

Ìdá 95 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Keriko ló wá láti ilé tálákà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ ọmọ aláìlóbìí tàbí ọmọ tó ní òbí kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú wọn kì í rí oúnjẹ jẹ nílé kí wọ́n tó gba ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Yàtọ̀ sí ebi, àwọn ìṣòro míì wà tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ń bá fà á: lílo oògùn olóró, oyún láàárín àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, kí wọ́n tètè fa ọmọ fọ́kọ, kí ọmọ dédé fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kódà kí ọ̀dọ́ gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Báwo lọmọ ṣe ń dé irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí Keriko jẹ́, ẹ nílò láti mọ bí ètò ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe rí ní Kenya.

Láti ọdún 1985 ni orílẹ̀-èdè náà ti ń lo ètò tí wọ́n ń pè ní 8-4-4: ọdún mẹ́jọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin ní girama, ọdún mẹ́rin ní yunifásítì. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń fi ètò míì rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ètò 8-4-4 yìí ni àwọn ọmọ Keriko tí à ń sọ̀rọ̀ wọn ti kàwé.

Lábẹ́ ètò náà, títí di ọdún 2023, máàkì tí ọmọ bá gbà nínú ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sọ ibi tó máa lọ. Nígbà náà, àwọn tí máàkì wọn ga jù máa ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní "national", bíi Alliance High School tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1926. Inú ọgbà ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ láti gbogbo Kenya ló sì ń pàdé níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ẹ̀kọ́ "extra-county" àti "county" tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni "sub-county" wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń lọ láàárọ̀ tó ń padà sílé nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn tí máàkì wọn kò ga, tàbí àwọn tí òbí wọn kò lówó bọ́dìn, sábà máa ń já sí.

Èyí já sí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá ara rẹ̀ nírú ilé ẹ̀kọ́ abúlé bẹ́ẹ̀ ló ti gbọ́ látẹnu ìdánwò pé òun kò tó ẹgbẹ́. Kó tó kọ́ ìṣirò tàbí fíṣíìsì, ó ní láti kọ́kọ́ gbà gbọ́ pé òun ṣì lè di èèyàn.

Ní ti owó, láti ọdún 2008 ni ìjọba Kenya ti ń san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama tó ń ti ilé lọ. Ìyẹn ran ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ lowó. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ, bàtà ń bẹ, ìwé ń bẹ, oúnjẹ ọ̀sán náà sì ń bẹ níbẹ̀. Nínú ilé tí àgbàdo oko kò tó jẹ, àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló ń dá ọmọ dúró sílé.

Ọjọ́ kan nínú ayé akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tó bá ti lo ìgbà ọmọdé rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní abúlé kan ní Nàìjíríà, Benin tàbí Ghana, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò ní ṣàjèjì sí i tó bá dé ilé ẹ̀kọ́ abúlé ní Kenya.

Àwọn ọmọ máa ń tò láàárọ̀ nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Níbi tó pọ̀, wọ́n máa ń gbé àsíá orílẹ̀-èdè sókè lọ́jọ́ Ajé àti lọ́jọ́ Ẹtì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, Kiswahili sì jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́. Tí wọ́n bá délé, èdè ìyá oníkálukú ló kù. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ kan lè lo èdè mẹ́ta kó tó sùn.

Oúnjẹ ọ̀sán tó wọ́pọ̀ jù ní ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Kenya ni githeri, ìyẹn àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ àdàlú rí kò nílò àlàyé púpọ̀. Fún ọmọ tí kò jẹun kó tó kúrò nílé, abọ́ githeri yẹn lè jẹ́ ìdí pàtàkì tó fi wá sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́.

Lábẹ́ ètò 8-4-4, Form 1 títí dé Form 4 ni wọ́n ń pe kíláàsì. Ní ìparí Form 4 ni ìdánwò àṣejáde tí wọ́n ń pè ní KCSE máa ń wáyé. C+ ni máàkì tó kéré jù tí ọmọ fi lè wọ yunifásítì. Gbogbo ọdún mẹ́rin náà ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ lẹ́tà kan yìí.

Ní Keriko, nígbà tí Tabichi gba ẹ̀bùn, olùkọ́ kan ló wà fún akẹ́kọ̀ọ́ 58. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní. Íntánẹ́ẹ̀tì wọn sì ń ṣe ségesège.

Ohun tí olùkọ́ náà máa ń ṣe ni pé á lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì, á wa ẹ̀kọ́ àti àwòrán tó nílò sílẹ̀, á sì gbé e padà wá sí kíláàsì. Ìdá 80 nínú 100 ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wọn ló fi ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò ní kànga nílé, tó bá ní ẹsẹ̀, á pọn omi délé.

Nígbà tí olùkọ́ bá kanlẹ̀kùn ilé

Peter Tabichi kì í ṣe ọmọ Pwani. Inú ìdílé olùkọ́ ni wọ́n bí i sí: olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan lára ẹbí rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó wà lára ẹgbẹ́ àwọn Franciscan nínú ìjọ Kátólíìkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Brother Peter. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kó tó wá sí Keriko.

Ìdá 80 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ló ń fi ran àwọn tálákà lọ́wọ́, títí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lágbára àtira aṣọ àti ìwé.

Ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé jáde nìyí. Àmọ́ igi kan kì í dágbó ṣe. Òun àti àwọn olùkọ́ mẹ́rin míì ni wọ́n jọ gbé ètò kan kalẹ̀: lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti parí, àti lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n máa ń jókòó ti àwọn ọmọ tí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ń dà láàmú, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn kì í dúró sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Wọ́n máa ń lọ sílé àwọn ọmọ náà, wọ́n á bá ẹbí wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á fojú ara wọn rí ohun tó ń dí ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òbí tálákà. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n bá ránṣẹ́ pe òbí láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀jọ́ ni: ọmọ rẹ jà, ọmọ rẹ kò sanwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá fúnra rẹ̀ wá sílé, tó jókòó sórí àpótí, tó béèrè àlàáfíà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Òbí á mọ̀ pé àwọn kan ń ka ọmọ òun sí. Tí wọ́n bá sì ń gbèrò láti fa ọmọbìnrin kan fọ́kọ, ẹni tó lè bá wọn sọ̀rọ̀ ti wà nílé.

Ẹ̀yà méje lábẹ́ òrùlé kan

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò ṣeé fojú fò nípa Nakuru.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 2007, Kenya dìbò yan ààrẹ. Nígbà tí wọ́n kéde pé Mwai Kibaki ló borí Raila Odinga, wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Aládùúgbò kọjú ìjà sí aládùúgbò nítorí ẹ̀yà. Ó lé ní 1,000 èèyàn tó kú, ọ̀kẹ́ àìmọye sì sá kúrò nílé wọn. Ìgbà tí Kofi Annan dá sí i ni àwọn méjèèjì tó fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 28, oṣù Kejì, ọdún 2008.

Nakuru wà lára ibi tí rògbòdìyàn náà ti le jù. Onírúurú ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀: Kikuyu, Kalenjin, Luo, Luhya, Kisii àti àwọn míì.

Ọmọ tó wà ní Form 2 lọ́dún 2018 kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lọ nígbà yẹn. Ó lè má rántí ohun gbogbo. Àmọ́ ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé, ó sì mọ ilé tí wọ́n ní kó má yà.

Ẹ̀yà méje ló wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Keriko. Ìdí nìyẹn tí Tabichi fi dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Peace Club, kí àwọn ọmọ láti ẹ̀yà méjèèje lè mọwọ́ ara wọn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ bọ́dìn, ọmọ lè fi ìjà ìlú rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn odi ọgbà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ti ilé lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí bàbá sọ nídìí àdògán lálẹ́ àná ni ọmọ máa gbé wá sí kíláàsì láàárọ̀ òní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn, àlọ àti àbọ̀ ni. Ọmọ tó ní ọ̀rẹ́ láti ẹ̀yà kejì ń gbé orúkọ ọ̀rẹ́ náà padà lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Ewéko tó ń fúnni níná

Ẹgbẹ́ kejì tí olùkọ́ yìí dá sílẹ̀ wà fún ìdàgbàsókè ẹ̀bùn àwọn ọmọ. Talent Nurturing Club ni wọ́n ń pè é. Ó tún mú kí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ náà gbòòrò sí i, títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó kójú òṣùwọ̀n ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè.

Lọ́dún 2018, wọ́n lọ sí ìdíje Kenya Science and Engineering Fair. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé lọ, èyí tí àwọn tí ojú wọn kò ríran àti àwọn tí etí wọn kò gbọ́ràn lè fi wọn nǹkan. Nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó kópa, Keriko ló gba ipò kìíní.

Ikọ̀ ìṣirò wọn náà yege láti kópa nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì àgbáyé ti Intel tó wáyé ní ìpínlẹ̀ Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dún 2019.

Àwọn míì lára wọn lo ewéko tó ń hù ládùúgbò láti mú iná mànàmáná jáde. Royal Society of Chemistry ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ lórí ìyẹn.

Ẹ kíyè sí irú ohun tí àwọn ọmọ yìí yàn láti ṣe. Iná ni ọ̀pọ̀ abúlé ń wá, ewéko ló sì wà láyìíká wọn. Aládùúgbò tí kò ríran ń bẹ ní gbogbo ìlú. Ohun tí wọ́n ń bá pàdé lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ìwádìí.

Àwọn ọmọbìnrin gba iwájú

Níbi tí oyún àti ìgbéyàwó àìtọ́jọ́ ti ń gba ọmọbìnrin kúrò ní kíláàsì, èsì ìdánwò jẹ́ ọ̀nà kan láti mọ̀ bóyá nǹkan ń yí padà.

Lọ́dún tó ṣáájú ẹ̀bùn náà, ìdánwò mẹ́rin ni wọ́n ṣe nílé ẹ̀kọ́ náà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ọmọbìnrin ló ṣe dáadáa ju àwọn ọkùnrin lọ.

Kì í ṣe ohun kékeré ni èyí jẹ́ fún òbí tó ń rò ó pé bóyá kí òun ná owó lórí ọmọbìnrin tàbí kí òun dá a dúró sílé. Ọmọbìnrin ilé kejì tó yege ń bá gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò sọ̀rọ̀ lójú òbí wọn.

Harambee: ọ̀wẹ̀ àwọn ará Kenya

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè Kenya: Harambee. Ó túmọ̀ sí pé kí gbogbo wa jọ fà á. Jomo Kenyatta ló sọ ọ́ di àkọmọ̀nà ìjọba rẹ̀ lọ́dún 1963, ọdún tí Kenya gba òmìnira.

Yorùbá mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni, níbi tí àwọn èèyàn ti ń péjọ bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ oko tàbí kọ́lé láìgba owó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀ka tí harambee ti hàn jù ní Kenya ni ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn òmìnira, ilé ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba ní kò tó nǹkan, àwọn ọmọ tó ń jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ará abúlé kò dúró de ìjọba. Wọ́n dáwó, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ru bíríkì, wọ́n kọ́ kíláàsì fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1970, ilé ẹ̀kọ́ girama tí àwọn ará ìlú kọ́ lọ́nà yìí ti pọ̀ ju ti ìjọba lọ.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àléébù tirẹ̀. Abúlé tó lówó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó dára, abúlé tálákà kọ́ èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ harambee ni kò ní olùkọ́ tó dáńtọ́ tàbí yàrá ìwádìí. Nígbà tó yá, àwọn olóṣèlú sọ ìdáwó di ibi tí wọ́n ti ń fi owó wá ìbò. Ìdí nìyẹn tí òfin Public Officer Ethics Act ti ọdún 2003 fi káwọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe lè lọ́wọ́ nínú harambee.

Lóde òní, òfin ẹ̀kọ́ Kenya ti ọdún 2013 ní kí ìgbìmọ̀ alákòóso wà fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí ní aṣojú níbẹ̀, àwọn olùkọ́ ní aṣojú, kódà akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wọn. Tí ìgbìmọ̀ náà bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ohùn ará abúlé á wà nínú bí wọ́n ṣe ń darí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé padà

Ó rọrùn láti rò pé ojúṣe ará ìlú ni láti máa ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní Pwani, ìrànlọ́wọ́ náà lọ, ó sì bọ̀.

Nítorí ọ̀dá tó ń bá agbègbè náà fínra, Tabichi máa ń kọ́ àwọn ará abúlé nípa irúgbìn tó lè fara da ilẹ̀ gbígbẹ. Ohun tí wọ́n ń wá lórí èyí kò ṣòro láti lóye. Tí òbí bá rí oúnjẹ kórè lóko, ọmọ á jẹun. Tí ọmọ bá jẹun, á lè wá sí kíláàsì, á sì gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Nípa bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tí kò ka ìwé rí náà rí ìdí tó fi yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Kì í ṣe ilé tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ oko nìkan mọ́.

Kí ló yí padà?

Àwọn nọ́ńbà díẹ̀ wà tó lè jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wọ́n bá a dé nígbà tí Keriko gba òkìkí.

Láàárín ọdún mẹ́ta, iye akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà di ìlọ́po méjì, ó sì di 400.

Ẹjọ́ ìwà àìtọ́ tó máa ń tó 30 lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ dínkù sí mẹ́ta péré.

Lọ́dún 2017, nínú ọmọ 59 tó jáde, 16 ló tẹ̀ síwájú sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́dún 2018, àwọn 26 ló wọ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọmọ 26 lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan létí ẹni tó ń gbé ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé 26 nìyẹn tí ẹnì kan ti jáde lọ kẹ́kọ̀ọ́ gíga láti ilé ẹ̀kọ́ tí ètò ìdánwò kò kà kún.

Ìṣòro kan tún ń tẹ̀ lé àṣeyọrí náà. Nígbà tí òkìkí ilé ẹ̀kọ́ bá kàn, àwọn òbí á máa kó ọmọ wá. Kíláàsì kì í fẹ̀ sí i nítorí pé ọmọ pọ̀ sí i, olùkọ́ náà kì í sì í dédé pọ̀ sí i. Olùkọ́ kan sí ọmọ 58 kì í ṣe ìṣòro tí ìfẹ́ nìkan lè yanjú. Olùkọ́ tó ń lo òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ nílé akẹ́kọ̀ọ́ ní ara tó ń rẹ̀ ẹ́. Olùkọ́ tó ń fi owó oṣù rẹ̀ ra aṣọ fún ọmọ ń ṣe ohun tó yẹ kí ètò ìjọba ti ṣe.

Tabichi ní owó ẹ̀bùn náà máa lọ sórí ilé ẹ̀kọ́ àti bíbọ́ àwọn tálákà. Àmọ́ mélòó ni ilé ẹ̀kọ́ abúlé tó wà ní Áfíríkà, ẹ̀bùn mílíọ̀nù dọ́là mélòó ló sì wà nílẹ̀?

Ẹ̀kọ́ fún àwa náà

Kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ rìn dé Nakuru ká tó rí irú Keriko. Ó wà ní Ọ̀yọ́, ó wà ní Niger, ó wà ní ìhà àríwá Ghana, ó sì wà ní Benin: ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí olùkọ́ rẹ̀ kò tó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń rìn láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó wà ní Keriko tí owó kò lè rà kò ju mélòó kan lọ. Àwọn olùkọ́ ń lọ sílé àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tó wù wọ́n. Àwọn ẹ̀yà tó bá ara wọn jà jókòó sórí àga kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ sì bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oko rẹ̀.

Àwọn nǹkan yìí kò nílò kọ̀ǹpútà. Wọ́n nílò àkókò, àti ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde.

Ohun tó nílò owó náà wà, kò sì yẹ ká fi ìyìn olùkọ́ kan bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tó ṣeé gbà lásìkò òjò, oúnjẹ ọ̀sán, olùkọ́ tó pọ̀ tó, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ojúṣe ìjọba ni ìwọ̀nyí. Ará abúlé lè fi ọ̀wẹ̀ kọ́ kíláàsì, àmọ́ wọn kò lè fi ọ̀wẹ̀ san owó oṣù olùkọ́ títí ayé.

Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ará Pwani kò ní ilé ńlá tí ọmọ lè tà. Ọmọ náà gan-an ni ilé tí wọ́n ń kọ́.

Ní àárọ̀ ọ̀la, tí òjò bá rọ̀ tàbí tí kò rọ̀, àwọn kan nínú wọn á tún mú ọ̀nà pọ̀n. Kìlómítà 7.